Máàkì 72 Kì í Ṣe Orúkọ Àìsàn: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Àbùdá Ènìyàn àti Ibi Tí Òṣùwọ̀n Náà Ti Ń Ṣìnà

Ìwé pelebe kan ni wọ́n fi lé ẹbí lọ́wọ́ nílé ìwòsàn. Àwọn igi gíga àti igi kúkúrú ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan ga ju ìyókù lọ, wọ́n sì kọ 72 sí i lórí. Kí ìwé náà tó délé, ẹnìkan á ti ní "72 nínú 100 ló gbà", bí ìgbà tí wọ́n ń ka máàkì ọmọ iléèwé. Ẹlòmíràn á ní àìsàn náà ti jẹ ẹ́ wọra dé ìdá 72. Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì. Ibẹ̀ ló yẹ kí àlàyé ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wí lè fi fún ọmọ rẹ̀ tàbí aya rẹ̀ lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nínú àwọn fọ́ọ̀mù ìbéèrè ńlá tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ń lò, wọ́n máa ń yí máàkì padà sí òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní T. Nínú òṣùwọ̀n yìí, 50 ni agbedeméjì, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 10. Ẹni tó bá wà láàárín 40 sí 60 wà láàárín èrò. MMPI ni ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn fọ́ọ̀mù wọ̀nyí. Starke Hathaway àti J. C. McKinley ló ṣe é ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní 1943. Lóde òní, 65 ni ẹni tó ń ka èsì rẹ̀ ti máa ń dúró wò dáadáa: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n, nǹkan bí 92 ni máàkì wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí 72 ń sọ nìyẹn, pé ẹni yìí dáhùn àwọn ìbéèrè kan lọ́nà tí ènìyàn díẹ̀ ló ń gbà dáhùn wọn. Kò sọ ìdí rẹ̀. Kò sì dárúkọ àìsàn kankan.

Ó tún yẹ kí a bèèrè pé: ènìyàn díẹ̀ nínú àwọn wo? MMPI-3, ẹ̀dà MMPI tó jáde ní 2020, ní ìbéèrè 335. Ọkùnrin 810 àti obìnrin 810 tí wọ́n kó jọ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n èyí tí wọ́n kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ bá gba 72, àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n fi wé. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ìṣòro tiwa pọ̀ sí.

Kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní personality disorder kò ní orúkọ Yorùbá kan tí gbogbo wa fọwọ́ sí. Bí a bá pè é ní "àìsàn ìwà", "ìwà búburú" ni etí Yorùbá máa gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, ìwà lẹwà, ìwà ni a fi ń dá ọmọlúàbí mọ̀, nítorí náà ẹni tí a bá ní ìwà rẹ̀ ń ṣàìsàn ti di ẹni ẹ̀gàn kó tó dé iwájú dókítà. Nínú àlàyé yìí, "ìṣòro àbùdá" ni a ó máa pè é. Àbùdá ni ọ̀nà tó ti mọ́ ènìyàn lára láti kékeré: bí ó ṣe ń ro ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, bí inú rẹ̀ ṣe ń ru tàbí rọ̀, bí ó ṣe ń bá ènìyàn gbé, bí ó ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu.

Kò sẹ́ni tí kò ní àbùdá. Ẹnìkan máa ń tètè bínú, ẹlòmíràn máa ń fura, òmíràn kì í fẹ́ràn èrò, òmíràn sì wà tí aṣọ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ díẹ̀ lórí okùn kí inú tó bí i. Kò sí àìsàn níbẹ̀. Kí ó tó di ìṣòro àbùdá, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ń lò, DSM-5-TR ti 2022, fẹ́ kí ó hàn nínú ó kéré tán méjì nínú ọ̀nà mẹ́rin tí a kà sókè yìí. Ó fẹ́ kí ó tàn ká ilé, ibi iṣẹ́, àárín ọ̀rẹ́ àti ilé ìjọsìn, kí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣeé tọpa dé ìgbà ọ̀dọ́, kí ó dúró fún ọdún pípẹ́ láìyí padà, kí ó sì máa ba ayé ẹni náà jẹ́ tàbí kó máa dá a lóró.

Ẹ wo bí ìyẹn ṣe ń gé ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn kúrú. Ọkùnrin tó ń jágbe mọ́ ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n tó ń fi ẹ̀rín kí ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, tí kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní oníjà nínú ẹgbẹ́, ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu níbi tó bá wù ú. Ìkà ló ń ṣe fún ìyàwó rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ sì tọ́ sí obìnrin náà kíá. Àmọ́ pípe ọkùnrin náà ní "narcissist", ìyẹn ẹni tó gbé ara rẹ̀ ga ju gbogbo ènìyàn lọ, nítorí fídíò kan tó kọjá lórí fóònù kì í ṣe àyẹ̀wò, ó sì tún lè sọ ìkà di àìsàn tí a gbọ́dọ̀ ṣàánú.

Bí ìwà ènìyàn bá yí padà lójijì ní ọmọ ogójì ọdún, ibòmíràn ni kí a kọ́kọ́ wò. Ọkadà gbá a, ó fi orí gbálẹ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó di oníbìínú tí kò ní ìtìjú mọ́: ọpọlọ ló fara pa. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rù, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, kò lè jókòó jẹ́ẹ́: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ẹṣẹ́ ọrùn tó máa ń di gẹ̀gẹ̀. Igbó, ọtí àti tramadol lè mú kí ènìyàn máa fura sí gbogbo ayé. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́ nílò dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ìṣòro àbùdá.

Ti ọmọdé náà tún wà. Bí ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò kò bá tíì pé ọdún 18, àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà lára rẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Èyí tí wọ́n ń pè ní antisocial, ìyẹn ti ẹni tí kò ka ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí, a kò gbọdọ̀ fi pe ẹni tí kò tíì pé 18 rárá. Kódà fún àgbàlagbà, wọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹ̀rí pé ìwà ìpalára ti wà kó tó pé 15. Nítorí náà tíṣà tó bá pe ọmọ SS2 ní "psychopath" nítorí ó jalè lẹ́ẹ̀mejì kò mọ ohun tó ń sọ.

Orúkọ mẹ́wàá, àti ìdí tí àwọn olùṣèwádìí kò fi gbẹ́kẹ̀ lé wọn tán

DSM to orúkọ mẹ́wàá sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ni àwọn tí ìṣe wọn ń ya ènìyàn lẹ́nu: afura-sí-gbogbo-ènìyàn, ẹni tí kò wá ìfẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tí èrò àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì. Ọ̀wọ́ kejì ni ti àwọn tí ìmọ̀lára àti ìṣe wọn ń ru gùdù. Inú rẹ̀ ni borderline (ti ẹni tí ìmọ̀lára àti àjọṣe rẹ̀ kì í dúró sójú kan), narcissistic àti antisocial wà, pẹ̀lú ti ẹni tó gbọ́dọ̀ wà lójú ayé nígbà gbogbo. Ọ̀wọ́ kẹta ni ti ìbẹ̀rù: ẹni tó ń sá fún ènìyàn nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀gàn, ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe, ẹni tí ìlànà ti dè mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe pa èyí tó kẹ́yìn yìí pọ̀ mọ́ àìsàn tó ń mú kí ènìyàn fọ ọwọ́ ní ìgbà ogójì lóòjọ́. Orúkọ wọn jọra lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ibi tí orúkọ wọ̀nyí ti ń kọsẹ̀ rèé. Borderline ní àmì 9. Ẹni tó bá ní 5 nínú rẹ̀ ti kúnjú òṣùwọ̀n. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ọ̀nà tí a lè gbà mú 5 nínú 9 jẹ́ 126, 6 nínú 9 jẹ́ 84, 7 jẹ́ 36, 8 jẹ́ 9, gbogbo 9 jẹ́ 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 256. Ọ̀nà 256 ló wà tí ènìyàn lè gbà jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo! Ẹni méjì lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwòsàn, kí orúkọ tí wọ́n kọ sí fáìlì wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kí ó sì jẹ́ pé àmì kan péré ló pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ń fi abẹ ya ara rẹ̀. Èkejì kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ń ná owó ní ìnákúnàá, kì í sì lè dá wà. Ìtọ́jú wọn kò lè rí bákan náà. Láfikún, ẹni tó bá kúnjú òṣùwọ̀n orúkọ kan sábà máa ń kúnjú òṣùwọ̀n òmíràn, bí ẹni pé ibà àti orí fífọ́ ni wọ́n kà sí àìsàn méjì.

Èyí ló gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn olùṣèwádìí nínú ẹ̀ka yìí. Ìdáhùn tí wọ́n mú jáde wà nínú ICD-11, ìwé àjọ ìlera àgbáyé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022. ICD-11 fi àwọn orúkọ àtijọ́ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ bèèrè pé: ǹjẹ́ ìṣòro wà níbẹ̀, báwo ló sì ṣe wúwo tó? Ìwúwo mẹ́ta ló ní, fífúyẹ́, àárín, àti líle. Lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ irú àbùdá tó gbilẹ̀ jù nínú márùn-ún: ìdààmú ọkàn tí kì í tán, ìyara-ẹni-sọ́tọ̀, àìka-ẹlòmíràn-sí, àìlè-kó-ara-ẹni-níjàánu, àti àṣejù lórí ìlànà. Borderline nìkan ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún, gẹ́gẹ́ bí àlàyé tí a lè fi kún un. Nísàlẹ̀ "fífúyẹ́", ipò kan tún wà tí wọ́n kà sí ìnira àbùdá, tí kì í ṣe àìsàn rárá.

Lójú tiwa, ọ̀nà yìí dára fún ẹbí ju ti àtijọ́ lọ. Bí wọ́n bá sọ fún ìyá kan ní Oǹdó pé ìṣòro ọmọ rẹ̀ jẹ́ ti àárín, pé ìdààmú ọkàn àti àìlè-kó-ara-níjàánu ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó mọ ohun tó yẹ kó máa ṣọ́. Bí wọ́n bá sọ fún un pé "borderline" ni, yóò lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù ni yóò sì bá padà.

Ìdí tí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo kò fi tó

Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè 13, tí Nàìjíríà wà lára wọn, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2009, wọ́n díwọ̀n rẹ̀ pé nǹkan bí 6 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ní ìṣòro àbùdá kan. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn kún fọ́ọ̀mù kan lórí fóònù. 60 ló ní ìṣòro yìí, 940 kò ní i. Ká tún ní fọ́ọ̀mù náà dára débi pé, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní i, ó ń mú 80, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tí kò ní i, ó ń fi 80 sílẹ̀. Nínú àwọn 60, yóò mú 48. Nínú àwọn 940, yóò ṣèèṣì mú 188. Àpapọ̀ àwọn tí fọ́ọ̀mù náà mú jẹ́ 236, ṣùgbọ́n 48 péré ló ní i nínú wọn, ìyẹn nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún. Fọ́ọ̀mù tó dára nìyẹn o. Èyí tó wà lórí fóònù, tí ẹnikẹ́ni kò dán wò rí, kò tó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò gidi fi máa ń gba ìjókòó bíi méjì sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, onímọ̀ náà yóò béèrè ìtàn ayé ẹni náà láti kékeré: ta ló tọ́ ọ, báwo ló ṣe ṣe ní iléèwé, iṣẹ́ mélòó ló ti fi sílẹ̀ àti ìdí tó fi fi wọ́n sílẹ̀, báwo ni ìfẹ́ àti ìjà ṣe ń rí nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá ẹnìkan tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ sọ̀rọ̀.

Níbi ti ẹbí yìí, àṣà wa lè ran iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó sì lè dí i lọ́wọ́. Ẹni márùn-ún lè tẹ̀lé aláìsàn wá, kí bàbá àgbà máa gbẹnu sọ fún un. Ọ̀dọ́ kò ní já àgbàlagbà nírọ́ lójú ara rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní "kò sí ohun tó ṣe é láti kékeré", àbúrò á dákẹ́, àní bí wọ́n bá ń nà án ní àlùbolẹ̀ nílé. Onímọ̀ tó mọṣẹ́ yóò kí gbogbo wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò gbọ́ ti àgbà níwájú gbogbo ènìyàn, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Tí kò bá ṣe é, ìtàn ẹnìkan ṣoṣo ló gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn márùn-ún ló kún yàrá.

Fọ́ọ̀mù á tẹ̀lé e. PAI, tí Leslie Morey ṣe ní 1991, ní gbólóhùn 344, ó sì máa ń gbà tó wákàtí kan. MMPI-3 lórí ìwé máa ń gbà nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 sí 50. PID-5 ní gbólóhùn 220, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì 0 sí 3, ó sì ń wọn àbùdá márùn-ún tó sún mọ́ ti ICD-11; ìyàtọ̀ wọn ni pé ó fi èrò àjèjì rọ́pò àṣejù lórí ìlànà. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò onílànà bíi SCID-5-PD ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Níbẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" kò tó. Bí ènìyàn bá ní òun máa ń fura, wọ́n á ní: "Sọ ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀. Kí lo rí? Kí lo ṣe? Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn?" Àpẹẹrẹ tí kò wá ló sábà máa ń wó máàkì tó ga lórí fọ́ọ̀mù.

Ohun kan wà tí wọ́n máa ń gbójú fò, tó sì ń ṣi ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò lọ́nà. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti gbé mì kò lè sọ bí òun ṣe rí láti kékeré. Gbogbo ayé rẹ̀ ló dúdú lójú rẹ̀, títí kan ti àná, nítorí náà máàkì rẹ̀ á ga níbi púpọ̀. Kí wọ́n tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì náà ná. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n. Nígbà mìíràn, ohun tó jọ ìṣòro àbùdá á ti lọ.

Ẹni tó ń parọ́ fún fọ́ọ̀mù

Àwọn fọ́ọ̀mù ńlá ní ìlà ìṣọ́ nínú. Ìlà kan ń wò ó bóyá ẹni náà ń ka ìbéèrè rárá: wọ́n fi ìbéèrè méjì tó jọra síbi tó jìnnà síra, ẹni tó ń fi ojú fo ìbéèrè á dáhùn wọn lọ́nà tó takora. Ìlà kejì ń ka àmì tó ṣọ̀wọ́n. Bí ènìyàn bá gbà pé gbogbo rẹ̀ ló wà lára òun, bóyá ó ń sọ ọ́ di ńlá nítorí ẹjọ́ kóòtù, bóyá ó sì ń ké fún ìrànwọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìlà kẹta ń wá ẹni tó sẹ́ àwọn àṣìṣe kékeré tí gbogbo ọmọ ènìyàn máa ń ṣe. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tàbí tó ń du ọmọ ní kóòtù sábà máa ń ga níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀kẹta yìí. Ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé tí ìlànà ti le, tí wọ́n kọ́ pé ọmọlúàbí kì í jẹ́wọ́ èrò burúkú lẹ́nu, lè ga lórí ìlà náà láìpurọ́. Àwọn tó ṣe MMPI pàápàá mọ̀ pé ìtọ́dàgbà àbáláyé máa ń gbé e sókè. Olùkọ́ ilé-kéú tàbí màmá ìjọ kan ní Àkúrẹ́ kò yẹ kó gba orúkọ elékèé nítorí pé ó dáhùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ.

Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá sọ Yorùbá

Níbí ni iṣẹ́ olùṣèwádìí tiwa ti le jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí a ṣáà túmọ̀ rẹ̀ ló kù. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì ní kí o mú "true" tàbí "false". Bí a bá kọ "òótọ́" àti "irọ́", ẹni tó ń dáhùn kò ní fẹ́ mú "irọ́", torí ó dà bíi pé ó ń pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́. Máàkì "òótọ́" á pọ̀ sí i láìnídìí. "Ó bá mi mu" àti "kò bá mi mu" sàn jù.

Ọ̀rọ̀ tó ní "kò" nínú náà ń dàrú. Kọ "Èmi kì í fẹ́ wà láàárín èrò" sílẹ̀. Yorùbá tó kórìíra èrò á dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni", ìyẹn pé òótọ́ lo sọ. Ẹni tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lè dáhùn pé "Rárá", ohun kan náà ló sì ní lọ́kàn. Bí wọ́n bá ka fọ́ọ̀mù náà sí wọn létí, ẹni méjì tí àbùdá wọn jọra á gba máàkì tó takora. Ọ̀rọ̀ tí kò ní àìgbà nínú ni kí a máa lò níbi tó bá ti ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ló tún wá wúwo jù. Àwọn fọ́ọ̀mù òkèèrè máa ń bèèrè bóyá ènìyàn máa ń gbọ́ tàbí rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, bóyá àwọn kan ń dìtẹ̀ sí i. Aríran ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun lè gbà á tọkàntọkàn. Ẹni tó ń gbàdúrà lójoojúmọ́ pé kí Ọlọ́run gba òun lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá ilé bàbá òun lè gbà pé wọ́n ń dìtẹ̀ sí òun, kí oorun rẹ̀ sì dára, kí ọjà rẹ̀ máa tà, kí àárín òun àti aládùúgbò sì gún. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀lé e ni pé: ṣé àwọn ará ìjọ rẹ̀ náà rí i bẹ́ẹ̀, àbí ó ń ya àwọn pàápàá lẹ́nu? Ṣé ó ti sọ ọ́ di ẹni tí kò lè jẹun níbikíbi mọ́? DSM fúnra rẹ̀ ní ohun tó yàtọ̀ gedegbe sí ìretí àwùjọ ẹni náà ni a lè kà sí àmì. Àwùjọ ẹni náà, kì í ṣe àwùjọ ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù.

Bákan náà ni orí gbígbóná àti ohun tó ń rìn lára bí kòkòrò. Peter Ebigbo ní Enugu ṣe òṣùwọ̀n kan ní 1982 fún irú ìráhùn ara bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó rí i pé ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa ń gbà sọ ìdààmú ọkàn nìyẹn. Fọ́ọ̀mù tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lè kà á sí èrò àjèjì.

Bí wọ́n bá fẹ́ túmọ̀ fọ́ọ̀mù kan bó ṣe yẹ, wọ́n á kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni méjì á túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbìmọ̀ á so méjèèjì pọ̀, ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n lè rí ibi tó ti yẹ̀. Wọn á wá jókòó pẹ̀lú àwọn ènìyàn lásán, kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò tó kí gbogbo wọn wá láti Àkúrẹ́. Yorùbá inú ìwé lè ṣàjèjì sí ìyá àgbà ará Ìlàjẹ tàbí Ìkálẹ̀, èdè mìíràn tí kì í ṣe Yorùbá sì wà nílẹ̀ Àkókó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n á wò ó bóyá àwọn ìbéèrè inú ìlà kan ń rìn pọ̀ (lórí òṣùwọ̀n 0 sí 1, 0.70 ni ọ̀pọ̀ olùṣèwádìí fi ṣe ìsàlẹ̀), wọ́n á tún fún àwọn kan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì bóyá máàkì náà dúró. Agbedeméjì tiwa la ó wá fi ṣe 50. Ìgbà yẹn ni 72 tó lè sọ ohun kan nípa ọmọ Àkúrẹ́ láàárín àwọn ará Àkúrẹ́.

Títí dìgbà náà, fọ́ọ̀mù òkèèrè ṣì wúlò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Kó fi ṣe ibi tí ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀, kó má fi ṣe ìdájọ́.

Bí wọ́n bá rí i pé ó wà

Kò sí oògùn kan tí wọ́n ṣe fún ìṣòro àbùdá fúnra rẹ̀. Oògùn tí dókítà bá kọ, ti ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àìsùn tó bá a rìn ni. Ìtọ́jú rẹ̀ gan-an jẹ́ ti ọ̀rọ̀ sísọ, tó ní ìlànà, tó sì máa ń gba oṣù púpọ̀. Fún borderline, ọ̀nà tí Marsha Linehan gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní DBT, ló ní ẹ̀rí púpọ̀ jù lọ: ìjókòó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkan, kíláàsì ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ fún kíkọ́ bí a ṣe ń fara da ìrora láìpa ara ẹni lára, àti ìrànwọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ nígbà tí nǹkan bá le. Àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ọlọ́dún gígùn sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní borderline kì í kúnjú òṣùwọ̀n mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ àti àjọṣe máa ń pẹ́ kó tó gún. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, kò lè yí padà" ń sọ ohun tí ẹ̀rí kò gbè.

Ní agbègbè wa, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba wà ní Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIMED wà ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Láti oṣù kìíní 2023 ni òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ti rọ́pò òfin àtijọ́ ti ìgbà òyìnbó, ó sì dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀. Bí ẹnìkan bá ń gé ara rẹ̀, tàbí tó ń sọ pé ikú yá òun ju ayé lọ, ẹ má dúró de fọ́ọ̀mù. Ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn tó pọ̀ kúrò nílé, kí ẹnìkan má fi í sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́jọ́ náà.

Ní ti ìwé pelebe yẹn, ẹ má yà á ní fọ́tò sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ mú un padà lọ bá ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ sì ní kó kọ nǹkan wọ̀nyí sẹ́yìn rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, orúkọ fọ́ọ̀mù àti ẹ̀dà rẹ̀, èdè tí wọ́n fi kà á, bóyá aláìsàn ló kà á fúnra rẹ̀ tàbí ẹnìkan ló kà á sí i létí, oògùn tó ń lò lọ́jọ́ náà, àti àwọn tí wọ́n fi máàkì rẹ̀ wé. Bí wọ́n bá tún un wọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n á fi mọ̀ bóyá ó yí padà nìyẹn.